Bí Mo Ṣe Wá Imú Tuntun Lọ fún Àjànàkú, Ọkọ̀ Mi

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹni tí òùngbẹ bá ń gbẹ, kí ó lọ mu omi báyìí. Ẹni tí ikọ́ bá ń yọ lẹ́nu, kí ó wú u tán, nítorí ikọ́ ni ìtàn mi fi bẹ̀rẹ̀, n kò sì fẹ́ kí tiyín da tèmi rú.

Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni Ọdẹ́níran, ọdẹ tó pa ẹfọ̀n méje ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Ó dára, ó dára, ẹ má wo ara yín lójú bẹ́ẹ̀ yẹn. Méjì ni. Ọ̀kan nínú wọn sì ti ń ṣàìsàn kí n tó dé ibẹ̀.

Nígbà tí orúnkún mi kò jẹ́ kí n lé ẹran mọ́, mo ta ìbọn mi, mo fi ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àgbà kan, mo sì ń fi gbé àwọn aláìsàn àti aboyún láti ìlú wa yìí lọ sí ilé ìwòsàn tó wà lórí Òkè Agbọ̀nrín. Mo sọ ọkọ̀ náà ní Àjànàkú. Àmọ́ ẹ̀yin ará ìlú, ẹ kò pè é bẹ́ẹ̀. Oníkọ́-fée ni ẹ ń pè é. Ẹ rò pé n kò gbọ́ ni? Mo gbọ́. Mo kàn ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ni, nítorí òótọ́ ni.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Bọ́látitó, ìyàwó tíṣà wa, bẹ̀rẹ̀ sí rọbí. Wọ́n gbé e sínú Àjànàkú pẹ̀lú ìyá ọkọ rẹ̀, a sì gbéra. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ọkọ̀ náà ń lọ bí ọmọlúàbí. Ṣùgbọ́n bí a ti kọjú sí òkè, ó bẹ̀rẹ̀: húù, húù, fée, fée. Aláǹgbá kan jáde láti inú koríko, ó rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa díẹ̀, ó mi orí, ó sì kọjá lọ. Nígbà tí a dé ìdajì òkè, Àjànàkú dúró.

Ìyá ọkọ sọ̀kalẹ̀, ó tì í, kò mira. Ni Bọ́látitó náà bá sọ̀kalẹ̀. Ẹ gbọ́ mi o, aboyún tó ń rọbí! Ó fi ọwọ́ kan di ẹ̀yìn mú, ó sì ń fi ọwọ́ kejì ti ọkọ̀ tó yẹ kó gbé e. Èmi di sitíárìn mú gírígírí kí ọkọ̀ má baà ṣìnà. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó wá sí ojú fèrèsé mi, ó mí kanlẹ̀, ó ní:

“Bàbá ọdẹ, ẹ máa bọ̀ o. Èmi ń kánjú.”

Ó sì fi ẹsẹ̀ rìn lọ. Ìgbà tí èmi àti Àjànàkú fi dé orí òkè, ọmọ ti dé, wọ́n ti wẹ̀ ẹ́, ó sì ti ń sùn.

Láti ọjọ́ náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí ka ọjọ́ lórí ìka. Aboyún méjì mìíràn wà nílùú tí oṣù wọn ti fẹ́ pé, ọkọ̀ kan ṣoṣo ni ìlú wa sì ní, òun náà ni èyí tí àwọn aboyún ń tì. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ Mukáílà mẹkáníìkì. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó dẹtí sí i bí ìgbà tí dókítà bá ń gbọ́ àyà ọmọ.

Ó ní, “Bàbá, ara ọkọ̀ yín le. Imú rẹ̀ ni kò dá. Páìpù tó fi ń mí ti sán, ibi tó ti sán sì kọjú sí ẹ́ńjìnì. Afẹ́fẹ́ gbígbóná abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì yìí ló ń fà símú. Afẹ́fẹ́ tó bá ti gbóná ti fẹ́lẹ́, kò lè mú kí epo jó dáadáa. Ẹ lọ wá páìpù tuntun tí yóò máa fa atẹ́gùn tútù wọlé láti ìta.”

Mo ní, “Níbo ni wọ́n ti ń tà á?”

Ó ní, “Èyí tó dára? Ọjà Atẹ́gùn ni, ní ìkọjá Igbó Eléèmí. Oríṣiríṣi ló wà níbẹ̀, àṣìyàn ló sì pọ̀ jù. Ẹ dúró kí n wọn ẹnu ẹ́ńjìnì yín kí ẹ tó lọ.”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Mukáílà, ojú tí mo fi ń yìnbọn lu ẹyẹ nínú òfuurufú, òun ni o fẹ́ fi tẹ́ẹ̀pù ràn lọ́wọ́?”

Ó ká tẹ́ẹ̀pù rẹ̀ sápò. Ó ní, “Ọ̀nà á là o, bàbá.” N kò fẹ́ràn bó ṣe sọ ọ́.

Báyìí ni mo wa Àjànàkú wọ Igbó Eléèmí. Nínú igbó náà, àwọn igi ń mí. Bí wọ́n bá mí sínú, gbogbo ewé a fà mọ́ ara igi. Bí wọ́n bá mí síta, ìjì a dìde, fìlà ẹni a sì lọ. Níbi tí mo ti ń wá fìlà mi kiri ni iwin aṣọ́nà igbó náà jáde sí mi. Ó ga ju àká lọ, ó sì ní imú mẹ́ta: ọ̀kan níwájú, ọ̀kan ní ìpàkọ́, ọ̀kan láàárín àyà.

Ó bú ramúramù, ó ní, “Ìwọ ta ni, tí o ń rùn bí epo bẹntiróò?”

Mo fọwọ́ lu àyà. Mo ní, “Èmi Ọdẹ́níran! Èmi tí ẹkùn rí tó yà kúrò lọ́nà! Èmi tí…”

Kí n tó sọ èyí tó kàn, Àjànàkú wúkọ́. Ikọ́ náà ti inú rẹ̀ lọ́hùn-ún wá, èéfín dúdú sì bo iwin náà láti orí dé ẹsẹ̀. Ó sáré fọwọ́ bo imú iwájú àti ti ìpàkọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ méjì péré ló ní, ti àyà sì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ó figbe ta sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé, “Ikọ́ tó ń ranni ni o! Ẹ sá o!” Mo sì ń gbọ́ bí igbó ṣe ń fọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn títí wọ́n fi lọ tán.

Ẹ rántí pé ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ fún yín pé àwọn iwin sá fún mi. N kò purọ́. Wọ́n sá. Ó kàn jẹ́ pé n kò sọ ohun tí wọ́n sá fún rí ni.

Nígbà tí mo jáde nínú igbó, ìlú kan ni mo kọ́kọ́ bá, Ìlú Ariwo ni orúkọ rẹ̀. Ní ìlú náà, ẹnikẹ́ni kì í sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Bí wọ́n bá fẹ́ kí ara wọn “ẹ káàárọ̀”, wọn a kọ́kọ́ fọwọ́ di etí. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Olóhùn-Àrá, páìpù ọkọ̀ ló ń tà. Kí n tó béèrè nǹkan kan, ó ti na ọ̀kan sí mi. Páìpù kúkúrú ni, ó ń dán bí awo tuntun, asẹ́ pupa kan sì jókòó sí orí rẹ̀ ní ìhòòhò bí olú.

Olóhùn-Àrá ké mọ́ mi létí pé, “Bí o bá fi èyí sí i, wọn yóò gbọ́ ẹ kí o tó kúrò nílé!”

Ẹ̀yin ènìyàn mi, n kò béèrè bóyá ọkọ̀ yóò sáré. N kò béèrè bóyá atẹ́gùn tó ń fà tutù. Ohun tí mo béèrè ni pé, “Ṣé èyí tó pupa ju èyí lọ wà?”

Mo fi awọ ìkookò tí mo ń jókòó lé gbà á. Nígbà tí mo fẹ́ dè é mọ́ ọkọ̀, ẹnu rẹ̀ fi ìka méjì fẹ̀ ju ẹnu ẹ́ńjìnì lọ. Mo rántí tẹ́ẹ̀pù Mukáílà, mo sì lé ìrántí náà dànù. Mo tú ìgbànú ṣòkòtò mi, mo fi wé e títí ó fi dúró. Láti ìgbà náà lọ, ọwọ́ kan ni mo fi ń wa ọkọ̀. Èkejì wà lára ṣòkòtò.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀! Mo kàn fi ẹsẹ̀ bà á, Àjànàkú ké bí kìnnìún tí wọ́n gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀. Gbogbo Ìlú Ariwo pàtẹ́wọ́. Orí mi wú. Mo rí ara mi bí ọmọ ogún ọdún. Bí mo ti jáde nílùú, òkè kan wà níwájú, mo sì kọjú ọkọ̀ sí i tìgbéraga-tìgbéraga.

Bí a ti ń gòkè ni mo rí i nínú dígí pé ìyá arúgbó kan ń bọ̀ lẹ́yìn, ó ru odó igi sórí. Ẹ̀ẹ̀kejì tí mo wo dígí, ó ti sún mọ́ mi. Ẹ̀ẹ̀kẹta, n kò rí i nínú dígí mọ́, nítorí ó ti dé ẹ̀gbẹ́ mi.

Ó ní, “Ẹ kú ìrìn o. Ẹ bá mi wá ìtumọ̀ àlọ́ kan tó ń dà mí láàmú. Kí ló ń ké bíi kìnnìún, tó ń rìn bí ìgbín?”

Mo tẹ ọkọ̀ náà kí ó sáré fún mi ní àyè láti ronú, ariwo nìkan ló pọ̀ sí i. Mo ní, “Ṣé ìjì ni?” Ó ní rárá. Mo ní, “Ṣé odò tó kún ni?” Ó ní rárá. Mo ní, “Ó dára, ìyá, mo túúbá. Kí ni?”

Ó wò mí tìyanu-tìyanu. “Ẹ̀yin ni,” ó ní.

Ó fi ọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì yára fà á padà. “Gbígbóná rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ibo ni ó ti ń mí? Inú ilé ìdáná tirẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ẹ gbé imú rẹ̀ sí, ẹ kò sì fi nǹkan kan bò ó. Ọjà Atẹ́gùn ni mo rò pé ẹ ń lọ. Kí ló mú yín yà sí Ìlú Ariwo?”

Mo ní, “Ìyá, ó ń dán ni.”

Kò bú mi. Ó kàn gbé odó rẹ̀ sórí dáadáa, ó sì kọjá mi gẹ́gẹ́ bí aláǹgbá ọjọ́sí.

Mo yọ páìpù alásẹ́ pupa náà jù sígbó, mo sì ń wọ́ títí mo fi dé Ọjà Atẹ́gùn. Ọjà tí mo rí níbẹ̀! Atẹ́gùn òwúrọ̀ wà nínú ìkòkò, atẹ́gùn etí òkun wà nínú àpò, àwọn páìpù sì wà lọ bẹẹrẹ bí igbó ọparun. Ní ẹnu ọ̀nà ni ọkùnrin gígùn kan jókòó sí tí yìnyín ti dì mọ́ irùngbọ̀n rẹ̀. Páìpù tirẹ̀ gùn bí ejò. A máa ti ẹnu ẹ́ńjìnì sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, níbi tí atẹ́gùn ti tutù jù.

Mo sọ nínú mi pé bí tútù bá dára, tútù jù ni yóò dára jù. Mo nawọ́ sí i.

Ọkùnrin náà ní, “Kí n tó tà á fún yín, ṣé kò sí odò lọ́nà yín? Ìsàlẹ̀ ni ẹnu rẹ̀ wà o. Omi kò yàtọ̀ sí atẹ́gùn lójú rẹ̀, èyí tó bá rí ni yóò fà.”

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ mọ ọ̀nà wa. Ẹ mọ̀ pé bí òjò bá rọ̀, pẹ́pẹ́yẹ ń wẹ̀ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú mi ti wọ páìpù náà. Mo ní, “Odò? Ọ̀nà wa gbẹ bí èékánná.” Mo fi àpò ọdẹ mi gbà á.

Ká má purọ́, ó ṣiṣẹ́. Ikọ́ tán. Àjànàkú fò jáde lọ́jà náà, mo kọjá ẹtu, mo kọjá ẹyẹ àparò, mo sì ń ronú irú orin tí ẹ óò fi pàdé mi. Orin náà kò tíì ní ẹsẹ̀ kejì nígbà tí mo já sí odò kan ní ọ̀nà àbùjá tí mo gbà. Omi rẹ̀ kò ju orúnkún lọ. Mo wọ̀ ọ́ láìdín eré kù. Mo gbọ́ gbúkẹ́, mo gbọ́ gbúkẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, bí ẹni tí òùngbẹ ti ń gbẹ tipẹ́. Àjànàkú mu odò. Ó sì kú sáàárín omi.

Mo jókòó sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Àwọn ẹja ń yọ orí wò mí. Níbẹ̀ ni ẹ̀rù bà mí lóòótọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ìrìn-àjò náà, kì í ṣe ẹ̀rù iwin. Mo rántí àwọn aboyún méjì tó wà nílé. Bí ẹ́ńjìnì bá ti ṣẹ́ nínú, kò ní sí ọkọ̀ tí wọn yóò tì pàápàá.

Ìyá olódó ló bá mi níbẹ̀. Inú odò náà ló ti fẹ́ fọ odó rẹ̀. Kò béèrè nǹkan kan. A jọ ti ọkọ̀ jáde sí bèbè, ó kọ́ mi bí mo ṣe máa tú àwọn pulọ́ọ̀gì tó ń ṣáná sí epo, bí mo sì ti yí ẹ́ńjìnì ni omi tú jáde sí mi lójú. Ọjọ́ mẹ́ta ni a fi sá a sóòrùn. Ní ọjọ́ kẹrin, mo ṣáná sí i, ó gbà. Mo sunkún. Mo sọ fún ìyá náà pé èéfín ló wọ̀ mí lójú.

Ó mú mi padà sí ọjà, sí ìsọ̀ páìpù tirẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ọjà, níbi tí nǹkan kan kò ti dán. Ó mú tẹ́ẹ̀pù, ó wọn ẹnu ẹ́ńjìnì lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ló wá ń bi mí ní ìbéèrè. Irú ọ̀nà wo ni? Mo ní eruku nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi nígbà òjò. Ta ni ọkọ̀ náà ń gbé? Mo ní aboyún àti aláìsàn. Kí ni mo fẹ́ kí ó ṣe? Mo ní kí ó gòkè. Ó mi orí bí ẹni tó ti ń retí ìdáhùn náà láti ọjọ́ yìí wá.

Àpótí dúdú kan ló gbé jáde. Kò lẹ́wà. Páìpù kúkúrú kan so mọ́ ọn lẹ́yìn, ẹnu rẹ̀ sì ṣí síwájú.

Ó ní, “Asẹ́ wà nínú rẹ̀, òwú nípọn ni, ẹ lè máa fọ̀ ọ́ bí eruku bá kún un. Àpótí yìí yóò sé ooru ẹ́ńjìnì mọ́ ìta. Ẹ̀yìn iná iwájú ni ẹnu rẹ̀ máa wà, lókè, níbi tí omi ọ̀nà yín kò ní dé. Kò ní sọ ọkọ̀ yín di ẹyẹ o, ó kàn máa fún un ní èémí tó tó o ni. Kò ní pariwo. Ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ ní mọ̀ pé ẹ ra nǹkan kan.”

Gbolóhùn ìkẹyìn yìí ló dùn mí jù. Síbẹ̀ mo ní, “Kí ni mo máa fi gbà á? Mi ò ní àpò mọ́, mi ò ní awọ mọ́.”

Ó ní, “Òótọ́ kan tí ẹ kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni.”

Àwọn ará ọjà ti rọ̀gbà yí wa ká. Mo ní, “Ẹfọ̀n méjì ni, kì í ṣe méje.” Ìyá náà ní gbogbo ayé ló mọ ìyẹn. Mo ní, “Ikọ́ ọkọ̀ mi ni àwọn iwin sá fún.” Ó ní àwọn iwin náà fúnra wọn ló ti sọ ọ́ fún òun. Mo wo àpótí náà, mo wo ilẹ̀.

Mo wá ní, “Ọjọ́ tí Bọ́látitó ti ọkọ̀ mi, mo ní mo di sitíárìn mú kí ọkọ̀ má baà ṣìnà. Ọ̀nà náà tọ́, ìyá. Kò sí ibi tí ọkọ̀ lè ṣì lọ. Mo lè sọ̀kalẹ̀ kí n bá wọn tì í. N kò sọ̀kalẹ̀, nítorí àwọn kan ń bọ̀ láti oko, n kò sì fẹ́ kí wọ́n rí ọdẹ ńlá níbi tó ti ń ti mọ́tò. Mo jókòó. Aboyún ń tì mí, mo jókòó.”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín ni, ì bá rọ̀ mí lọ́rùn. Ìyá náà gbé àpótí lé mi lọ́wọ́. “Ẹ máa gbé e lọ,” ó ní.

Bí mo ti dé, kí n tó dé ilé mi pàápàá, ilé tíṣà ni mo yà sí. Bọ́látitó ń fún ọmọ lọ́yàn. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, bí mo ṣe dàgbà tó yìí, mo sọ ohun tí mo sọ lọ́jà fún un.

Ó ní, “Ẹ dìde, bàbá, ẹ dìde. Mo mọ̀. Mo rí yín nínú dígí. Ẹ ń fọwọ́ tún fìlà ṣe.”

Ẹ rẹ́rìn-ín, mo fàyè gbà yín.

Mukáílà de àpótí náà mọ́ ọkọ̀. Ó wọ̀ ọ́ rẹ́gí. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí Àrìnpé, ìyàwó káfíńtà, bẹ̀rẹ̀ sí rọbí. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà. Èmi, òun àti ìyá rẹ̀ la jọ lọ. A la omi ọ̀nà kọjá, a dojú kọ Òkè Agbọ̀nrín. Mo fi jíà sí èyí tó yẹ, mo sì ń retí ikọ́. Kò wúkọ́. A kọjá ibi tí Bọ́látitó ti sọ̀kalẹ̀. A kọjá kọ́nà tó ga jù. Lóòótọ́, a kò sáré. A kàn ń lọ, láìdúró. Mo yíjú sí ẹ̀yìn kí n gba ìyìn mi. Àrìnpé dijú, ó ń bá ìrora tirẹ̀ jà. Ìyá rẹ̀ sì ti sùn, ó ń han-an-run. Wọ́n sọ̀kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn, wọ́n ní, “Ẹ ṣé o, bàbá,” wọ́n sì wọlé. Ó tán.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo la igbó kọjá, mo sọ ìgbànú nù, mo jókòó láàárín ẹja! Mo dúró títí òjò fi dá. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè, mo fi aṣọ nu àpótí dúdú náà, mo dúró tì í bí ẹni tó ń tajà. Àwọn ènìyàn ń kọjá, kò sẹ́ni tó wò ó. Ó pẹ́ kí nọ́ọ̀sì kan tó jáde sí mi, àánú mi sì hàn lójú rẹ̀.

Ó ní, “Bàbá, ṣé ọkọ̀ yín ti bàjẹ́ ni? Ká bá yín pe ẹni tó máa tì í?”

Mo ní, “Rárá, ọmọ mi. Ó ń mí ni.”

Ó tẹ orí bọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó dẹtí. Ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́. “Èmi ò gbọ́ ikọ́ kankan o,” ó ní. Lẹ́yìn náà ló rántí ohun tó bá wá. “Àrìnpé ti bí. Obìnrin ni. Wọ́n ní kí n sọ fún yín kí ẹ lọ pe ọkọ rẹ̀ wá.”

Mo pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé, mo wọlé sọ́kọ̀, mo sì sáré lọ pe káfíńtà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi mọ nìyẹn. Ẹ dìde kí ẹsẹ̀ yín má kú, kí oníkálukú lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀, kí ẹnu mi náà sinmi díẹ̀.